Ìrìn orí ilẹ̀ nígbà tí ọkọ̀ ojú omi bá gúnlẹ̀: ṣé kí ẹ rà á lọ́wọ́ ọkọ̀ ni, àbí kí ẹ ṣètò rẹ̀ fúnra yín?

Ìbéèrè

Ẹ kú iṣẹ́ o. Olùkọ́ àgbà tó ti fẹ̀yìn tì ni mí, Òkèlérin ní Ògbómọ̀ṣọ́ níbí la ń gbé. Bàbá àwọn ọmọ mi pé àádọ́rin ọdún, ọmọ wa tó wà ní Manchester sì ti sanwó ọkọ̀ ojú omi ìgbafẹ́ fún àwa méjèèjì. Barcelona ni ọkọ̀ yóò ti gbéra. Yóò yà ní Civitavecchia tó jẹ́ èbúté Róòmù, yóò yà ní Naples, ní Santorini tó jẹ́ erékùṣù ní Gíríìsì, àti ní Kuşadası ní ilẹ̀ Tọ́kì, kó tó já wa sílẹ̀ ní Piraeus lẹ́bàá Áténì. Àwọn ọlọ́kọ̀ ti fi ìwé ránṣẹ́ pé àwọn lè mú wa rìn káàkiri ní ìlú kọ̀ọ̀kan, ṣùgbọ́n owó tí wọ́n kọ síbẹ̀ ga. Ọmọ wa ní ká má dá wọn lóhùn, pé òun á bá wa wá èyí tó dínwó lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Bàbá ní àwọn ò gbà, pé ọkọ̀ lè lọ fi wá sílẹ̀ nílẹ̀ onílẹ̀. Orúnkún ń dun Bàbá, wọn ò lè rìn púpọ̀. Onítẹ̀bọmi ni wá, Róòmù àti Éfésù ló wà lọ́kàn wa jù. Èwo ni ká ṣe?

Ìdáhùn

Mà, ẹ kú oríire ọmọ o. Ẹ bá mi kí Bàbá kú ọjọ́ ìbí, kí Ọlọ́run jẹ́ kí wọ́n ṣe púpọ̀ rẹ̀ láyé nínú àlàáfíà.

Ọmọ yín jàre, Bàbá náà sì jàre. Òótọ́ ni pé owó tí ọkọ̀ ń gbà sábà máa ń ga ju ohun tí ẹ máa san bí ẹ bá bá ará ìlú náà sọ̀rọ̀ tààrà, torí ilé-iṣẹ́ kan tó wà nílùú yẹn ni ọkọ̀ máa ń gbé iṣẹ́ fún, tí yóò sì fi èrè tirẹ̀ lé e. Òótọ́ sì ni pé ọkọ̀ máa ń fi èrò sílẹ̀. Ṣùgbọ́n mi ò fẹ́ kí ẹ fi owó nìkan pinnu, mi ò sì fẹ́ kí ẹ fi ẹ̀rù nìkan pinnu. Ohun tí mo fẹ́ kí ẹ bi ara yín ní èbúté kọ̀ọ̀kan ni pé, bí nǹkan bá dàrú lọ́jọ́ yẹn, ta ni yóò gbé ẹrù rẹ̀, ṣé ẹrù náà sì ṣeé gbé fún yín? Ní èbúté mìíràn ẹrù ọ̀hún kò ju owó takisí lọ. Ní òmíràn, kò ṣeé gbé rárá fún ẹni tó mú páásípọ́ọ̀tù Nàìjíríà lọ́wọ́. Nítorí náà, ẹ má ra gbogbo rẹ̀ lọ́wọ́ ọkọ̀, ẹ má sì kọ gbogbo rẹ̀. Èbúté kan lẹ́yìn èkejì ni kí ẹ máa wò ó.

Ẹ kọ́kọ́ mọ bí ọkọ̀ wọ̀nyí ṣe ń ṣe. Awakọ̀ tó ń ti Ògbómọ̀ṣọ́ lọ sí Èkó, tó bá yà kí èrò jẹun, yóò fọn fèrè, yóò sọ̀rọ̀ burúkú díẹ̀, ṣùgbọ́n yóò dúró de ẹni tó kù ní ilé ìtura. Ọkọ̀ ojú omi kì í dúró. Wọ́n á kọ wákàtí tí gbogbo èrò gbọ́dọ̀ ti padà sínú ọkọ̀, ó sábà máa ń jẹ́ ìlàjì wákàtí tàbí wákàtí kan kí ọkọ̀ tó ṣí. Bí wákàtí yẹn bá kọjá, wọ́n á ká àtẹ̀gùn sókè. Kì í ṣe ìkà. Wákàtí ni wọ́n fi ń gba ààyè ní èbúté, ẹni tó máa tọ́ ọkọ̀ jáde nínú omi èbúté ti wà nínú ọkọ̀, ààyè tí wọ́n máa gúnlẹ̀ sí lọ́jọ́ kejì sì ti wà lákọsílẹ̀ fún wọn. Ẹgbẹẹgbẹ̀rún èrò ló wà nínú ọkọ̀, wọn ò ní tìtorí ẹni méjì da ètò gbogbo wọn rú.

Àyàfi àwọn tó bá bá ìrìn tí ọkọ̀ fúnra rẹ̀ tà jáde. Ọkọ̀ mọ ibi tí àwọn yẹn wà. Amọ̀nà wọn yóò pe ọkọ̀ lórí fóònù pé sún-kẹẹrẹ-fà-kẹẹrẹ mú àwọn lójú ọ̀nà, ọkọ̀ yóò sì dúró dè wọ́n. Bí kò bá ṣeé dúró rárá, ọkọ̀ ni yóò sanwó bí wọ́n ṣe máa dé èbúté tó kàn. Ìlérí yìí ni owó gọbọi yẹn wà fún. Ẹ fi sọ́kàn pé ìlérí nípa àkókò ni, torí mo máa tó padà sórí rẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ̀kan tó ṣẹlẹ̀ nítòsí ilé wa níbí. Nínú oṣù Kẹta ọdún 2024, ọkọ̀ Norwegian Dawn yà ní São Tomé, erékùṣù tó wà nínú òkun ní apá gúúsù wa. Èrò mẹ́jọ gba amọ̀nà tiwọn, wọn ò bá ti ọkọ̀ lọ, wọ́n sì pẹ́. Nígbà tí wọ́n máa dé etíkun, ọkọ̀ ṣì dúró sójú omi, wọ́n ń wò ó. Àwọn ẹ̀ṣọ́ etíkun fi ọkọ̀ kékeré gbé wọn dé ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Wọn ò gbà wọ́n wọlé. Páásípọ́ọ̀tù wọn tó wà nínú ọkọ̀ ni wọ́n kó fún aṣojú ọkọ̀ ní èbúté pé kó fi lé wọn lọ́wọ́. Ó wá di pé kí wọ́n máa fi ọkọ̀ òfuurufú àti ọkọ̀ ilẹ̀ sáré la orílẹ̀-èdè kan dé òmíràn, kí wọ́n lè bá ọkọ̀ ní Banjul ní Gambia. Wọ́n dé Banjul, ìṣàn omi kò jẹ́ kí ọkọ̀ lè wọ èbúté ibẹ̀. Wọ́n tún ní láti gba orí ilẹ̀ lọ sí Senegal kí wọ́n tó lè bá a ní Dakar. Ará Amẹ́ríkà àti ará Ọsirélíà ni àwọn èèyàn wọ̀nyí. Páásípọ́ọ̀tù wọn ń ṣílẹ̀kùn fún wọn ní ọ̀pọ̀ ibi, síbẹ̀ ojú wọn rí nǹkan.

Ní ti ọ̀nà yẹn, ọmọ Nàìjíríà ì bá tiẹ̀ rí ara gbà á ní Gambia àti Senegal, torí ECOWAS. Ṣùgbọ́n ọ̀dọ̀ àwọn òyìnbó ni ọ̀nà tiyín wà, kò sì sí ECOWAS níbẹ̀. Kò yẹ kí n máa ṣàlàyé ohun tí ìwé jẹ́ fún ará Ògbómọ̀ṣọ́. Àwọn bàbá wa tó ń ná Tamale àti Kumasi mọ ọ́n ju èmi lọ. Lọ́dún 1969 tí ìjọba Ghana ní kí àjèjì tí kò níwèé jáde, ìlú wa ń gba àwọn tó ń ti ibẹ̀ bọ̀ wálé. Ẹni tó bá ti gbọ́ ìtàn yẹn nínú ilé wọn yóò mọ ìdí tí mo fi ń sọ fún ọmọ yín pé owó tó máa dín yẹn kọ́ ló ṣe pàtàkì jù nínú ọ̀rọ̀ yìí.

Nítorí náà, kí ẹ tó sọ̀rọ̀ ìrìn orí ilẹ̀ rárá, ẹ wo físà yín. Sípéènì, Ítálì àti Gíríìsì wà nínú àdéhùn Schengen, tó jẹ́ kí físà kan ṣoṣo gba gbogbo wọn. Tọ́kì kò sí níbẹ̀. Ọjọ́ tí ọkọ̀ bá kúrò ní Santorini lọ sí Kuşadası, ẹ ti jáde kúrò nínú Schengen nìyẹn. Ọjọ́ tí ẹ bá dé Piraeus, ẹ ń wọlé lẹ́ẹ̀kejì. Físà tó jẹ́ ìwọlé ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo kò lè gbé yín já. Àwọn ọlọ́kọ̀ fúnra wọn lè kọ̀ láti gbé yín ní Barcelona bí wọ́n bá rí i bẹ́ẹ̀. Ìwọlé púpọ̀ ni kí ẹ béèrè, kí ẹ sì fi ìwé ètò ọkọ̀ tì í kí wọ́n lè rí ìdí rẹ̀. Ní ti Tọ́kì, ẹ jẹ́ kí ọmọ yín kọ̀wé sí ilé-iṣẹ́ ọkọ̀ náà, kó béèrè pé kí ni ọmọ Nàìjíríà tó máa fi ojúmọ́ kan sọ̀ kalẹ̀ ní Kuşadası nílò. Òfin ẹni tó bá ọkọ̀ ojú omi wọlé lè yàtọ̀ sí ti ẹni tó bá bàálù wọlé. Ẹ má ṣe gba ìdáhùn ẹnu lásán, ẹ jẹ́ kí wọ́n kọ ọ́.

Mo ní mo máa padà sórí ìlérí ọkọ̀. Ọ̀pọ̀ èèyàn rò pé ohun tí ọkọ̀ bá tà, ọkọ̀ ló ń ṣe é, nítorí náà pé ewu kò sí níbẹ̀. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ní ọjọ́ 9 oṣù Kejìlá ọdún 2019, òkè iná Whakaari ní New Zealand bú gbàmù. Èèyàn 47 ló wà ní erékùṣù náà lọ́jọ́ yẹn, 22 nínú wọn ló bá a lọ. Inú ọkọ̀ Ovation of the Seas ni púpọ̀ nínú wọn ti wá, inú ọkọ̀ ni wọ́n sì ti ra ìrìn ọ̀hún, bẹ́ẹ̀ ilé-iṣẹ́ mìíràn ní etíkun ibẹ̀ ló kó wọn débẹ̀. Bí ẹ bá fara balẹ̀ ka ìwé àdéhùn tíkẹ́ẹ̀tì, ẹ ó rí i pé àwọn ọlọ́kọ̀ sábà máa ń kọ ọ́ síbẹ̀ pé àwọn kọ́ ló ni ilé-iṣẹ́ tó ń mú èrò káàkiri. Àkókò ni wọ́n dúró fún. Ìlera orúnkún Bàbá, ìmọ̀ amọ̀nà, bí òòrùn ṣe máa pa yín tó, ẹ̀yin ni yóò ṣì wo ìyẹn, ẹni yòówù tí ẹ bá sanwó fún.

Ìrìn tí ọkọ̀ ń tà sì nira fún ẹni tí kò lè yára. Bọ́ọ̀sì ńlá tó lè kó ogójì tàbí àádọ́ta èèyàn ni. Amọ̀nà yóò gbé àsíá tàbí agbòòrùn sókè, ẹ ó máa tẹ̀ lé e. Bí ẹni kan bá fẹ́ lọ tọ̀, gbogbo yín lẹ máa dúró. Bí Bàbá bá fẹ́ jókòó sí abẹ́ igi kan láti ronú lórí ohun tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ rí, ẹgbẹ́ ti lọ. Nínú ìwé tí wọ́n fi ránṣẹ́ sí yín, wọ́n máa ń fi àmì hàn bóyá ìrìn náà rọrùn tàbí ó le. Ẹ gba àmì yẹn gbọ́. Bí wọ́n bá kọ pé ó le díẹ̀, kó yé yín pé ó le gan-an fún orúnkún tó ń dunni.

Ó yá, ẹ jẹ́ ká mú èbúté wọ̀nyí.

Róòmù ni mo máa pẹ́ lórí rẹ̀ jù, torí òun ló ń tan èèyàn jẹ jù. Civitavecchia kì í ṣe Róòmù. Nǹkan bí 80 kìlómítà ló wà láàárín wọn. Ọkọ̀ ojú irin wà, kò sì wọ́n. Láti ẹnu ibodè èbúté, ẹ ó wọ bọ́ọ̀sì lọ sí ibùdókọ̀ ojú irin, ẹ ó wọ èyí tó ń yà ní ìlú kéékèèké, ó máa ń gbà tó wákàtí kan tàbí kó lé díẹ̀. Ó máa ń dúró ní Roma San Pietro tó sún mọ́ Vatican, yóò dúró ní Ostiense, kó tó dé Termini. Ọmọ yín á ti rí gbogbo èyí lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Ohun tí kò ní tètè rí ni pé tíkẹ́ẹ̀tì oníwèé, ẹ gbọ́dọ̀ tẹ̀ ẹ́ nínú ẹ̀rọ tó wà ní ibùdó kí ẹ tó wọlé, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ wọ́n á ní kí ẹ sanwó ìtanràn. Àwọn òṣìṣẹ́ ọkọ̀ ojú irin Ítálì sì máa ń yanṣẹ́ lódì. Wọ́n máa ń kéde rẹ̀ ṣáájú, ṣùgbọ́n èdè Ítálì ni ìkéde tó wà ní ibùdó sábà máa ń jẹ́. Bí ọkọ̀ ojú irin ìrọ̀lẹ́ bá yẹ̀ mọ́ yín lọ́wọ́, takisí tó máa gbé yín sáré 80 kìlómítà padà yóò jẹ gbogbo owó tí ẹ rò pé ẹ dín, ẹ sì lè má bá ọkọ̀.

Síbẹ̀ mi ò ní kí ẹ ra odidi ìrìn Róòmù tí ọkọ̀ ń tà. Ọ̀nà kan ò wọ ọjà. Àwọn ọlọ́kọ̀ púpọ̀ máa ń ta èyí tó jẹ́ ọkọ̀ nìkan: bọ́ọ̀sì wọn yóò gbé yín lọ sí àárín Róòmù, yóò já yín sílẹ̀, yóò sì padà gbé yín ní wákàtí tí wọ́n dá. Kò sí amọ̀nà, kò sí àsíá. Owó rẹ̀ dín sí ti odidi ìrìn, ìlérí pé ọkọ̀ yóò dúró dè yín sì wà nínú rẹ̀, torí bọ́ọ̀sì wọn ni. Èyí ni mo fẹ́ fún yín. Ẹ wò ó dáadáa nínú ìwé náà, ìsàlẹ̀ ni wọ́n sábà máa ń tì í sí. Bí ẹ bá ti dé àárín ìlú, ẹ wọ takisí láti ibi kan sí ibi kejì, orúnkún Bàbá ò ní dá yín lóró.

Ibo wá ni kí ẹ lọ? Onítẹ̀bọmi lẹ jẹ́, ọ̀rọ̀ Pọ́ọ̀lù ló wà lọ́kàn yín. Èrò á máa rọ́ lọ sí Colosseum tó jẹ́ pápá ìdíje àtijọ́ àti Vatican, kò burú, ṣùgbọ́n ìlà wọn gùn, tíkẹ́ẹ̀tì wọn sì gbọ́dọ̀ ti wà lọ́wọ́ yín kí ẹ tó kúrò nílé. Ilé ìkóhun-ìṣẹ̀ǹbáyé-sí ti Vatican kì í ṣí lọ́jọ́ Àìkú, àyàfi Àìkú tó kẹ́yìn oṣù. Bó bá jẹ́ tèmi, ilé ìjọsìn San Paolo fuori le Mura ni mo máa kọ́kọ́ mú Bàbá lọ, níta odi ìlú àtijọ́. Níbẹ̀ ni wọ́n gbà láti ayébáyé pé wọ́n sin Pọ́ọ̀lù sí. Ilẹ̀ rẹ̀ tẹ́jú, inú rẹ̀ tutù, ààyè ìjókòó wà, èrò kì í pọ̀ níbẹ̀ tó ti Vatican. Ẹ lè jókòó fún wákàtí kan láìsí ẹni tó máa ní kí ẹ dìde. Kí aṣọ yín bo èjìká àti orúnkún. Ìró àti bùbá yín ti yanjú ìyẹn.

Naples rọrùn. Ọkọ̀ á gúnlẹ̀ sí àárín ìlú gan-an, ẹ ó máa wo ilé olódi Maschio Angioino láti orí ọkọ̀. Ẹ ò nílò kí ọkọ̀ ta ohunkóhun fún yín níbẹ̀. Gbogbo èèyàn máa ní kí ẹ lọ sí Pompeii, ìlú tí òkè iná Vesuvius bò mọ́lẹ̀ lọ́dún 79 lẹ́yìn ìbí Olúwa wa. Ó dára ní wíwò, ṣùgbọ́n òkúta gbàǹgbà-gbàǹgbà tí kò tẹ́jú ni títì rẹ̀, òòrùn ibẹ̀ kò sì ní ibòji. Fún Bàbá, mi ò fọwọ́ sí i. Àfi bí ẹ bá fi Bàbá sílẹ̀ nínú ọkọ̀ kí ẹ̀yin lọ; bó bá sì rí bẹ́ẹ̀, kí ọmọ yín tètè ra tíkẹ́ẹ̀tì, torí láti oṣù Kọkànlá ọdún 2024 wọn kì í jẹ́ kí èèyàn tó wọlé lójúmọ́ ju 20,000 lọ, orúkọ yín ló sì máa wà lára rẹ̀. Ohun tí èmi máa ṣe dípò rẹ̀ ni kí n wọ takisí lọ sí Pozzuoli ní ìwọ̀-oòrùn Naples. Ìwé Ìṣe Àwọn Àpọ́sítélì orí 28 pè é ní Pùtéólì: ibẹ̀ ni Pọ́ọ̀lù ti bọ́ sílẹ̀ látinú ọkọ̀ nígbà tó ń lọ sí Róòmù, tó sì bá àwọn ará gbé fún ọjọ́ méje. Kò sí nínú ìwé tí ọ̀pọ̀ ọlọ́kọ̀ ń fi ránṣẹ́. Naples ní owó takisí tí ìjọba ìlú ti fi lélẹ̀ fún ibi tí àlejò sábà máa ń lọ. Ẹ béèrè rẹ̀ lọ́wọ́ awakọ̀ kí taya tó yí, kì í ṣe lẹ́yìn rẹ̀. Àpò owó yín, iwájú ni kó wà.

Santorini ni mo máa ní kí ẹ gba ti ọkọ̀, tàbí kí ẹ jókòó sínú ọkọ̀. Ọkọ̀ ńlá kì í lè gúnlẹ̀ níbẹ̀. Ọkọ̀ kékeré ni wọ́n fi ń kó èrò lọ sísàlẹ̀ òkè, Fira tó jẹ́ olú-ìlú erékùṣù náà sì wà lókè téńté. Láti débẹ̀, ẹ máa tò fún ọkọ̀ tó ń gun okùn, tàbí kí ẹ gun ìbaaka, tàbí kí ẹ gun àtẹ̀gùn tó lé ní 500. Nígbà ìrọ̀lẹ́ tí gbogbo èrò bá fẹ́ sọ̀ kalẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, ìlà yẹn lè jẹ wákàtí kan àti jù bẹ́ẹ̀ lọ, inú rẹ̀ sì ni ọ̀pọ̀ èèyàn ti ń pàdánù ọkọ̀. Àwọn tó bá ra ìrìn ọkọ̀ ni wọ́n máa ń kọ́kọ́ kó sọ̀ kalẹ̀. Èbúté Athinios ni wọ́n sábà máa ń gbé wọn gbà, níbi tí bọ́ọ̀sì ti lè gun òkè, wọn ò ní tò láti gòkè. Ẹ ṣáà béèrè pé báwo ni ìrìn náà ṣe parí, torí ọ̀pọ̀ nínú wọn máa ń já èèyàn sílẹ̀ ní Fira pé kó fúnra rẹ̀ wá ọ̀nà sọ̀ kalẹ̀. Èyí tí bọ́ọ̀sì máa gbé yín padà sí Athinios ni kí ẹ wá. Owó kan tún wà tí ìjọba Gíríìsì ń gbà láti oṣù Keje ọdún 2025 lọ́wọ́ èrò ọkọ̀ ojú omi tó bá sọ̀ kalẹ̀. Ní Santorini, nígbà tí èrò ń wọ́ lọ síbẹ̀ jù, 20 yúrò ni lórí ẹnì kọ̀ọ̀kan. Kì í ṣe ọkọ̀ ló ń rẹ́ yín jẹ bí ẹ bá rí i nínú ìwé owó yín.

Ó wá ku Éfésù. Kuşadası ni ọmọ yín ti máa jàre pátápátá. Ọkọ̀ máa gúnlẹ̀ sí ẹnu ìlú, Éfésù kò sì ju nǹkan bí 20 kìlómítà síbẹ̀ lọ. Bí ọkọ̀ tí ẹ gbà bá bàjẹ́, ẹ ó nawọ́ sí takisí mìíràn, ẹ ó sì padà láìpẹ́. Ẹrù yẹn ṣeé gbé. Ẹ gba amọ̀nà kan pẹ̀lú ọkọ̀ kékeré fún ẹ̀yin méjì nìkan, kí ọmọ yín bá a ṣàdéhùn kí ẹ tó kúrò nílé. Ní Tọ́kì, amọ̀nà gbọ́dọ̀ ní ìwé àṣẹ ìjọba, káàdì rẹ̀ máa ń wà lọ́rùn rẹ̀. Ẹ má tẹ̀ lé ẹni tí kò bá ní in, bó ti wù kó gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì tó.

Ìdí mìíràn tí mo fi fẹ́ ọkọ̀ tiyín ni pé Éfésù dà gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́. Ẹnu ọ̀nà méjì ló ní, ọ̀kan lókè, ọ̀kan nísàlẹ̀. Ẹ sọ fún awakọ̀ pé kó já yín sílẹ̀ ní ti òkè, kó lọ dúró dè yín ní ti ìsàlẹ̀, kí Bàbá lè máa sọ̀ kalẹ̀ dípò kí wọ́n máa gùnkè. Òkúta mábù tó ń yọ̀ ló wà nílẹ̀, kí bàtà wọn má jẹ́ èyí tí abẹ́ rẹ̀ ń dán, kí wọ́n mú ọ̀pá lọ́wọ́. Ẹ wọlé ní kété tí wọ́n bá ṣí ilẹ̀kùn, kí àwọn bọ́ọ̀sì tó dé. Ẹ ó rí iwájú ilé ìkàwé Celsus. Ẹ ó wá dé ìtàgé ńlá, èyí tó lè gba nǹkan bí 25,000 èèyàn. Ibẹ̀ ni Ìṣe orí 19 ń sọ, níbi tí Dèmétríù alágbẹ̀dẹ fàdákà ti dá ìlú rú nítorí Díánà, tí gbogbo ìlú sì rọ́ wọnú rẹ̀. Ẹ jẹ́ kí Bàbá jókòó lórí òkúta ìsàlẹ̀, kí ẹ ka orí yẹn sókè láàárín ara yín. Inú bọ́ọ̀sì ńlá, wọn ò ní fún yín láyè fún irú èyí. Bí àyè bá ṣì wà, awakọ̀ lè gbé yín dé Selçuk, ibi tí wọ́n kọ́ ilé ìjọsìn sí lórí ibi tí wọ́n gbà pé wọ́n sin Jòhánù sí.

Ohun kan tí mo kórìíra ní Kuşadası ni ilé ìtàjà ẹní. Ìrìn ọkọ̀ máa ń yà níbẹ̀, ti amọ̀nà àdáni náà máa ń yà níbẹ̀, torí wọ́n ń gba owó lórí ohun tí èrò bá rà. Wọ́n á fún yín ní tíì, wọ́n á tẹ́ ẹní sílẹ̀ títí wákàtí kan á fi lọ. Kí ọmọ yín kọ ọ́ sínú àdéhùn pé ẹ ò yà níbì kankan láti rajà.

Áténì, ìyẹn ò lọ́rọ̀ nínú. Piraeus ni ìrìn yín parí sí, ọkọ̀ kankan ò tún lè fi yín sílẹ̀, nítorí náà kò sí ohun tí ẹ ń ra ìlérí wọn fún. Ìrìn tí wọ́n ń tà fún ọjọ́ tí èrò ń sọ̀ kalẹ̀ máa ń parí sí pápá òfuurufú, ó sì máa ń ti èèyàn láti ibì kan sí ibì kejì pẹ̀lú ẹrù. Kí ọmọ yín sanwó hòtẹ́ẹ̀lì alẹ́ kan tàbí méjì fún yín nílùú, kí ẹ sinmi. Takisí ni kí ẹ wọ̀ láti èbúté nítorí ẹrù, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ọkọ̀ ojú irin abẹ́ ilẹ̀ wà láti Piraeus. Tíkẹ́ẹ̀tì Acropolis, òkè tí àwókù tẹ́ḿpìlì àtijọ́ wà lórí rẹ̀, ní wákàtí tirẹ̀, 30 yúrò ni láti oṣù Kẹrin ọdún 2025, ẹ tètè rà á. Ẹ̀rọ agbéniròkè kan wà ní ẹ̀gbẹ́ òkè náà fún àwọn tí ẹsẹ̀ ń dùn. Ẹ kọ̀wé tàbí kí ẹ pè wọ́n ṣáájú, ẹ má ṣe débẹ̀ láìsọ. Àpáta Áréópágù, níbi tí wọ́n mú Pọ́ọ̀lù lọ nínú Ìṣe orí 17, wà nísàlẹ̀ rẹ̀ gan-an. Kí Bàbá má gùn ún, ó ń yọ̀ bí ọṣẹ. Pátákó idẹ kan wà ní ìdí rẹ̀ tí wọ́n kọ ìwàásù náà sí ní èdè Gíríìkì, ẹ lè dúró síbẹ̀.

Bí ọmọ yín bá ń bá amọ̀nà àdáni sọ̀rọ̀, ohun tó gbọ́dọ̀ wà lákọsílẹ̀ ni pé bí ọkọ̀ kò bá lè yà ní èbúté yẹn, nítorí afẹ́fẹ́ tàbí ohunkóhun, wọn ò ní gba kọ́bọ̀. Ó máa ń ṣẹlẹ̀ gan-an. Bí ọkọ̀ bá fo èbúté, ọkọ̀ máa dá owó ìrìn tirẹ̀ padà fún yín, ṣùgbọ́n ẹni tí ẹ bá lórí íntánẹ́ẹ̀tì kò ní dandan láti ṣe bẹ́ẹ̀. Ẹni tó bá gbà kí ẹ san gbogbo rẹ̀ lọ́jọ́ tí ẹ bá ríra ló dára jù. Kí wákàtí ìpadà yín sì jẹ́ wákàtí méjì, ó kéré tán, ṣáájú èyí tí ọkọ̀ kọ.

Aago tún ń kó bá èèyàn. Aago ọkọ̀ ni kí ẹ máa tẹ̀ lé. Fóònù máa ń yí ti ara rẹ̀ padà láìsọ fún yín. Ní ìgbà ooru wọn, aago Ítálì fi wákàtí kan ṣáájú ti Nàìjíríà, ti Gíríìsì àti Tọ́kì fi méjì ṣáájú, ọkọ̀ sì lè yàn láti má yí tirẹ̀ padà. Kí Bàbá fi aago ọwọ́ wọn sí ti ọkọ̀ lálẹ́ ọjọ́ tí ẹ bá wọlé, kí wọ́n máa wò ó mọ́ ti ọkọ̀ láràárọ̀.

Nígbàkigbà tí ẹ bá ń sọ̀ kalẹ̀, ẹ mú ìwé ètò ọjọ́ náà tí wọ́n máa ń fi sí yàrá yín. Nọ́ńbà aṣojú ọkọ̀ ní èbúté yẹn máa ń wà lára rẹ̀, òun ni ẹni tí ẹ máa pè bí ọ̀rọ̀ bá yí padà. Ẹ mú ẹ̀dà páásípọ́ọ̀tù àti físà yín dání, oògùn Bàbá tó tó ọjọ́ méjì, káàdì kan tó ń ṣiṣẹ́ lókè òkun, àti yúrò kéékèèké. Ìbánigbófò tí wọ́n ní kí ẹ rà fún físà Schengen, tó gbọ́dọ̀ tó 30,000 yúrò, ọ̀rọ̀ ìlera ló dá lé. Bí ẹ bá fẹ́ kó san owó fún ọkọ̀ tó fi yín sílẹ̀, ẹ béèrè rẹ̀ lọ́tọ̀, kí ẹ sì kà á kí ẹ tó sanwó.

Ẹ jẹ́ kí ọmọ yín ti ọ̀rọ̀ físà síwájú gbogbo rẹ̀. Bí ó bá ti jáde ní ìwọlé púpọ̀, kó wá ra bọ́ọ̀sì Róòmù àti ìrìn Santorini lọ́wọ́ ọkọ̀, torí ìwọ̀nyí máa ń tètè tán, kó sì bá amọ̀nà Éfésù ṣàdéhùn. Bí ẹ bá gba ìwé ètò ọkọ̀ tó ní wákàtí ìgúnlẹ̀ àti ìgbéra nínú, ẹ fi ránṣẹ́ sí mi, kí n lè bá yín wò ó bóyá wákàtí tí ẹ ní ní Kuşadası gba Selçuk.